Fáńpáyà Tó Wọ Sùtánà

Ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dìde níwájú àwọn èèyàn pàtàkì nínú gbọ̀ngàn kan ní Ṣàngótẹ̀dó, mo di máìkì mú bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà èwe, mo sì fi gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n fún mi ní yunifásítì dójú ti ara mi. Tí ọ̀rọ̀ náà bá sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ńṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé abẹ sílẹ̀ ná.

Mojísọ́lá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ti dolóògbé ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọṣọ, tí odindi itan adìẹ sì ń bẹ lórí ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Wọ́n máa ń fi sinimá hàn wá ní gbọ̀ngàn ńlá nígbà yẹn, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ẹ̀rọ á máa kùn lẹ́yìn wa bí oyin. Èmi ni mo máa ń kọ̀wé nípa sinimá náà sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé fíìmù kan ò dáa, àwọn ọmọbìnrin á wá bá mi nílé oúnjẹ, wọ́n á ní, "Kí ló dé tó o sọ bẹ́ẹ̀?" Inú mi á dùn dé ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tún sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mo sọ ohunkóhun. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba, mo fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run, ọmọ mi obìnrin sì kó mi wá sí ẹ̀sítéètì kan ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí àdúgbò á sì pa rọ́rọ́ títí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ò wá rí i pé nígbà tí Mojísọ́lá wá kí mi láti Addo, tó ní òun fẹ́ kí n wo fíìmù tóun ṣe kí n sì sọ̀rọ̀ lé e lórí níta gbangba, ńṣe ni mo jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Fíìmù fáńpáyà ni, ìyẹn òkú tó máa ń jí dìde lálẹ́ láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè, tí oòrùn ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Mojí ò fi tiẹ̀ sínú ilé ńlá àwọn òyìnbó. Ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Lakowe ló fi sí. Àwọn bíríkìlà ni fáńpáyà náà ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀gá wọn sì ń rò pé wọ́n ń sá lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ti fi hàn níbì kan méjì tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó fẹ́ gbé e jáde ní sídì, káwọn èèyàn lè rà á sílé.

Mo ní, "Mojí, kí ló dé tó jẹ́ èmi? Àwọn ọmọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Dádì, àwọn yẹn á ní 'Ó gbóná gan-an!' Wọ́n á fi àwòrán iná mẹ́ta sí i, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ sinimá ni mo fẹ́. Bàbá mi máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti kọ nǹkan, gbogbo yunifásítì ló máa ń dákẹ́."

Bàbá ẹ̀ parọ́ o, àmọ́ irọ́ tó dáa ni, n ò sì já a.

Ó wá sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀ fún mi. Ọkùnrin kan ń bọ̀ níbi ìpàdé tí mo ti máa sọ̀rọ̀ náà, Ọ̀gá Bánkọ́lé, tó máa ń kó fíìmù fún àwọn ilé ìtajà àti òtẹ́ẹ̀lì láti Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́. Tí ọkùnrin yìí bá gba fíìmù náà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Tí kò bá gbà á, páálí sídì tó kún yàrá Mojí ní Addo, ibẹ̀ ló máa wà. "Àárín wọn ni mò ń sùn, Dádì. Mo ti ta mọ́tò mi nítorí fíìmù yìí. Tó bá kọ̀ ọ́, mi ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ gbà." Kò sunkún, àmọ́ ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tó bá ku ọ̀la ká ṣèdánwò. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ mi ló wà.

Àwọn atẹ̀wé ò tíì kó páálí aláwòrán tí wọ́n máa fi di sídì náà dé, torí náà inú ike lásán ló kó tèmi sí. Sídì méjì ni. Ó fi máàkà kọ "1" sára ọ̀kan, ó kọ "2" sára èkejì. Kò sí nǹkan mìíràn lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra fíìmù Yorùbá rí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe adájọ́ mi. Tí wọ́n bá gbé sídì méjì fún yín, tí wọ́n kọ ení sára ọ̀kan, tí wọ́n kọ èjì sára èkejì, kí lẹ máa pè é? Ṣebí apá kìíní àti apá kejì ni? Ọdún mélòó la fi rà á bẹ́ẹ̀? Ìyálé á gbé májèlé sínú ọbẹ̀, ìyàwó á bu òkèlè, ọwọ́ á fẹ́ kan ẹnu, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ká lọ wá apá kejì rà. Ta ló máa fún mi ní sídì kejì, tí n ó wá máa ṣèwádìí pé kí ni?

Ilé wa ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo sídì. Ọmọ mi ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kú láyé. Àlhájà tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, opó bíi tèmi, ló ní ọ̀kan tó fi aṣọ léèsì bò bí ọmọ tuntun. Mo lọ bá a lọ́sàn-án. Ó ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ, ó ta kọ́tìnnì sílẹ̀, ó bu ẹ̀pà síwájú wa, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ má fi grámà dà mí láàmú o. Ẹ jẹ́ ká wòran."

Apá kìíní dùn, kí n má parọ́. Fáńpáyà náà ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta omi fún àwọn bíríkìlà, Àlhájà sì ṣépè fún un tọkàntọkàn. Níkẹyìn, àwọn bíríkìlà tó kù tàn án sínú yàrá kan, wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n fa tapólì orí òrùlé ya. Oòrùn wọlé. Fáńpáyà jóná di eérú. Ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ sínú agolo sìmẹ́ńtì.

Àlhájà mí kanlẹ̀. "Ẹni tó ti di eérú, kí ló tún fẹ́ ṣe ní apá kejì?"

Mo ní, "Ibẹ̀ lọgbọ́n wà, Àlhájà. Ẹ fi sí i."

Ó fi sí i. Nǹkan tá a kọ́kọ́ rí ni fáńpáyà. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó ń jẹ àgbàdo sísè. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó pa ní apá kìíní ló ń fi páúdà kùn ún lójú.

Àlhájà pariwo, "Ó ti jí! Subuhana-llahi! Àwọn méjèèjì ló jí!"

Fáńpáyà náà yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sí eyín gígùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Etí òkun ni mo ti ń bọ̀ báyìí, a lọ gbàdúrà ni."

"Ó ti ronú pìwà dà," ni Àlhájà sọ, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, kí n sọ ohun tí gbogbo yín ti mọ̀ tán, tó jẹ́ èmi nìkan ni n kò mọ̀. Sídì kejì kì í ṣe apá kejì rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà ni wọ́n fi hàn níbẹ̀: bí àwọn òṣèré ṣe ń múra, bí wọ́n ṣe ń sinmi, ibi tí wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kẹ́hìndé ni orúkọ ẹni tó ṣe fáńpáyà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni tọkàntara. Ó máa ń ti ibi àdúrà bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láìpààrọ̀ aṣọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ń wo apá kejì wa lọ. Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ yọ síbẹ̀, ó dé fìlà, ó ń pariwo lé gbogbo èèyàn lórí.

Àlhájà ní, "Ṣé kì í ṣe Mojí nìyí? Kí ló ń wá láàárín wọn?"

Mo ronú, mo ronú. Mo ní, "Àlhájà, òun ni ẹ̀rí ọkàn."

"Ẹ̀rí ọkàn ta ni?"

"Ti gbogbo wa."

Ó wò mí, ó kó ẹ̀pà sẹ́nu.

Fáńpáyà tún jóná. Ó dìde, ó tún jóná. Ní ìgbà kan, ó sín nígbà tó ń di eérú lọ, gbogbo àwọn tó ń pa á sì bú sẹ́rìn-ín. Àlhájà ní, "Ó tún kú! Kí ló ń wá lọ́dọ̀ ikú tó báyìí?" Nǹkan onírun kan tó dà bí ìrù ológbò ńlá sì ń yọ láti òkè wá, á rọ̀ sí orí àwọn èèyàn, á tún pòórá. Níkẹyìn, àwọn bíríkìlà dì mọ́ fáńpáyà, wọ́n yàwòrán pọ̀, ó súre fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ nu ojú. Àlhájà ti fi gèlè nu tiẹ̀.

Ká sòótọ́, orí mi ń yí. N ò mọ ibi tí ìtàn náà kọrí sí. Ká ní mo jẹ́ ẹni tí kò kàwé ni, ǹ bá ti sọ pé, "Kò yé mi." Ṣùgbọ́n mo kàwé. Olùkọ́ kan ti kọ́ wa ní yunifásítì pé eré kan wà tí àwọn òṣèré á mọ̀ọ́mọ̀ jáde kúrò nínú ìtàn, kí òǹwòran lè rántí pé eré ni. Mo bá ní, "Áà, òun nìyí!" Bí nǹkan ṣe ń dojú rú sí mi tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń rò pé ó jinlẹ̀ tó.

Mo tiẹ̀ pe Mojí lórí fóònù. Mo ní, "Mojí, sídì kejì yẹn pa mí lẹ́kún."

Inú ẹ̀ dùn débi tó fi kígbe. "Dádì, ẹ wò ó tán? Kò sẹ́ni tó máa ń wo ìyẹn! Ibẹ̀ ni gbogbo làálàá wa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Òun gan-an ni mo máa sọ."

Nígbà tí Sátidé pé, mo wọ kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ò pàdé ihò mọ́. Àlhájà ní òun ò ní gbẹ́yìn, la bá jọ wọ ọkọ̀ kòròpé ní ẹnu géètì, ó jókòó sí ìlà iwájú nígbà tá a débẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá Bánkọ́lé wà lápá ọ̀tún, ọkùnrin kúkúrú tó dákẹ́, tó ká ọwọ́ lẹ́rán. Mojí ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó má mikàn.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Apá kìíní fíìmù yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ni. Inú apá kejì ni ilé wà." Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo rántí ohun tí bàbá Mojí sọ nípa yunifásítì tó máa ń dákẹ́, ara mi sì yá gágá. Mo ṣàlàyé ìrònúpìwàdà fáńpáyà. Mo ṣàlàyé àgbàdo tó jẹ: ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti padà sí oúnjẹ ọmọ èèyàn. Mo ṣàlàyé ìdí tó fi jóná lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, pé bí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn kan á máa bi yín pé kí ni nǹkan onírun tó ń rọ̀ láti òkè yẹn. Ikú ni. Ikú tó ń rọ̀ dirodiro lórí gbogbo wa." Àlhájà ní, "Òótọ́ ni!"

Mo wo Mojí. Ó ti la ẹnu, kò pa á dé. Mo ní ayọ̀ ni.

Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe ṣí nìyẹn, tí Kẹ́hìndé wọlé. Ó ti ibi àdúrà bọ̀, sùtánà funfun lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Inú mi dùn bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Mo na ìka sí i. "Ẹ wò ó! Ẹ wẹ̀yìn! Títí di òní, kò tíì bọ́ aṣọ ìrònúpìwàdà náà!"

Gbogbo orí yí padà. Kẹ́hìndé rò pé wọ́n ń kí òun káàbọ̀ ni, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Halelúyà!" Àwọn bíi mélòó kan dáhùn.

Ọ̀gá Bánkọ́lé wá dìde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi wo fíìmù yìí. Ó di eérú ni, wọ́n gbá a sínú agolo. Ibo lẹ ti rí ìrònúpìwàdà?"

"Nínú apá kejì, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó yíjú sí Mojí. "Ó ní apá kejì? Mo sọ fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀ pé mi ò gba fíìmù tí wọ́n gé sí méjì mọ́. Àwọn oníbàárà á rà á tán, wọ́n á wá máa pariwo lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀bù. O wá fún mi ní ìlàjì, o ní odindi ni?"

"Kò sí apá kejì, sà! Mo búra!"

Àlhájà dìde fùú. "Ó wà! Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Mojí, sọ òótọ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni!"

Ọ̀gá Bánkọ́lé mú fìlà rẹ̀ lórí àga. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, àmọ́ n ò mọ ohun tó bàjẹ́. Mo ṣáà rí i pé ọkùnrin náà ń lọ, àti pé ẹnu mi ló lé e. Mo ń wo ojú Mojí, ojú bàbá rẹ̀ ni mo ń rí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù mi tí kò pa dé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹnì kan bá purọ́ níbí, èmi ni. Ká sòótọ́, apá kejì yẹn ò yé mi. Kò yé mi rárá. Kò yé mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kàn ń sọ grámà lé e lórí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi han gbogbo wa, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ bá mi wò ó."

Wọ́n fi sídì kejì sínú ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára ògiri. Kẹ́hìndé yọ lójú ògiri, àgbàdo lọ́wọ́. Mojí wá dúró tì mí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: "Dádì, bá a ṣe ṣe fíìmù náà nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ la wà níbẹ̀ yẹn."

"Ìwọ tó ń pariwo yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń darí wọn, Dádì."

"Nǹkan onírun yẹn?"

"Máìkì ni. Wọ́n fi nǹkan onírun bò ó nítorí atẹ́gùn, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni máìkì náà rọ̀ wá sílẹ̀ lójú ògiri, lórí Kẹ́hìndé. Ẹnì kan lẹ́yìn kígbe pé, "Ikú ti dé o!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ ni wọ́n ń kí i káàbọ̀: "Ikú, ẹ rọra o!" "Ikú onírun, ẹ kú iṣẹ́!" Ọ̀gá Bánkọ́lé jókòó padà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú, ó ń nu omijé. Kẹ́hìndé wá dì mọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Èmi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu.

Ọ̀gá Bánkọ́lé gba fíìmù náà. Mi ò purọ́ fún yín, ó gbà á. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun fẹ́. Ó ní tí ọ̀mọ̀wé bíi tèmi bá lè ṣi sídì kejì mú, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó wà láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́ ló máa ṣì í mú. Kí Mojí kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ lọ́nà tó máa hàn kedere.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Mojí gbé ọ̀kan tí páálí rẹ̀ ti pé wá fún mi. Mo yí i padà. Lára sídì kejì, pẹ̀lú lẹ́tà pupa ńlá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé: ÈYÍ KÌ Í ṢE APÁ KEJÌ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ara mi jáde nípa sinimá, tí wọ́n sì tẹ̀ fún aráyé kà, òun nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ṣòro. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, "Kò yé mi", wọn ò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan kéèyàn tó lè sọ wọ́n. Ká ní mo sọ wọ́n ní ilé Àlhájà, ẹ̀pà nìkan ni ǹ bá jẹ, ǹ bá má jẹ ìtìjú kún un.

Mo gbé páálí náà lọ fi han Àlhájà. Ó ka ọ̀rọ̀ pupa náà, ó tún un kà. Ó mi orí.

"Ọ̀mọ̀wé, irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ti rí i pé ó dùn ju apá kìíní lọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro mí. Ó wá ṣí aṣọ léèsì kúrò lórí ẹ̀rọ, mo sì jókòó tì í, la bá tún un wò.